Àlùbọ́sà Inú Kíláàsì Wa

Ọjọ́ Sátidé kan wà ní Rogers Park, àdúgbò wa nílẹ̀ òyìnbó níbí, tí ìtìjú rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi títí dòní. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ńṣe ni mo máa ń fi ìborùn bo ojú mi.

Nọ́ọ̀sì ni mí láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá di Sátidé, mo di tíṣà, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń múra àtiwọ ilé ìwé gíga ni mò ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìwádìí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Alhaji, bàbá àgbà kan tó ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa, la ti ń ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni bàbá fún wa ní yàrá tó wà níbẹ̀, a ò sì ní ibòmíì. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: òun ò fẹ́ ọmọ tó ń rí àgbà fín.

Ẹ̀kọ́ mi ò le. Bí ẹnì kan bá sọ nǹkan fún yín, ẹ bi í pé ta ló sọ fún un. Ẹ tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá, kí ẹ sì kọ orúkọ onítọ̀hún sílẹ̀. Mo tiẹ̀ lu tábìlì: "Ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́!" Ẹnu mi ló kó bá mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òtútù mú gan-an. Bí a ṣe wọlé, òórùn àlùbọ́sà pàdé wa. Àlùbọ́sà tí wọ́n là sí méjì ló wà nínú àwo kékeré ní gbogbo igun yàrá, ọ̀kan wà lórí híítà. Alhaji fúnra rẹ̀ tún gbé òmíràn wọlé.

Zainab, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, nawọ́ sókè. "Alhaji, why is there onion everywhere?"

"Flu ni, ọmọ mi. Àlùbọ́sà yìí á fà á mọ́ra, kò ní mú yín."

"Okay. But who told you?"

Ojú Alhaji yí padà. "Èmi? Èmi ni ò ń bi pé ta ló sọ fún mi?" Ó ti yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá jáde nínú àpò rẹ̀. Bó bá ti yàrá náà, kíláàsì wa parí nìyẹn. Kíá ni mo di ìyá mi.

"Zainab! Kúnlẹ̀! Bẹ Alhaji, now now!"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ dáadáa, ó tẹrí ba. "Ẹ má bínú, sir. Please, ta ló sọ fún yín?"

Alhaji bá bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa. O ti kúnlẹ̀ bi mí, jẹ́ kí n wá a fún ẹ." Ó yọ fóònù rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. "Alhaji, ẹ má dá ara yín láàmú. Network ò tiẹ̀ dáa níbí."

"Wi-Fi ti connect, Aunty," ni ọmọ kan wí láti ẹ̀yìn.

Inú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí, tí òun náà wà nínú rẹ̀, ni bàbá ti rí i. Ó kà á sókè, àlùbọ́sà àti flu, ó wá dé ìsàlẹ̀ ibi tí ẹni tó fi ránṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un: "Mo ti dán an wò nílé mi. It works, wallahi." Ó gbójú sókè. "Tíṣà, ṣé ìwọ kọ́ nìyí?"

Èmi ni. Ìgbà tí mò ń sinmi níbi iṣẹ́ ni mo fi ránṣẹ́. Àfi ti ọbẹ̀, mi ò la àlùbọ́sà rí nílé mi.

"Nọ́ọ̀sì búra pé òun dán an wò, kí n má gbà á gbọ́?"

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tí mo fi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Zainab. "Ẹ má bínú, sir. Irọ́ ni mo pa. Mi ò kà á dé ìsàlẹ̀ gan-an." Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ọmọ kankan.

Alhaji dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò. "Àwọn ọmọ ni mo fún ní yàrá, wọ́n sì ń kọ́ nǹkan. Ìwọ, kó àlùbọ́sà rẹ."

Bí mo ṣe ń kó o sínú ọ̀rá, Zainab wá bá mi, bírò lọ́wọ́. "Aunty, and who told you?"

"Mi ò mọ̀. Forwarded ni."

"So it stops with you." Ó ṣí ìwé rẹ̀. "How do you spell your full name?"

Mo pe lẹ́tà rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àlùbọ́sà lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, mi ò fi nǹkan tí mi ò kà tán ránṣẹ́ mọ́, mi ò sì búra lé e. Ṣùgbọ́n bí mo bá kí àwọn òbí lórí WhatsApp pé a kú òtútù, ẹnì kan á sáà bi mí pé ta ló sọ fún mi. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Orúkọ mi ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Zainab.