Etí Kejì Ìyá Ìbejì

Ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ eléyìí kó tó tutù. Bàbá Ìbejì, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tún aago ọwọ́ ṣe, ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti bọ́ sínú kíláàsì àwòrán yíyà tí wọ́n ń ṣe fún àwọn àgbà lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ya ife, olùkọ́ sì yìn ín pé bàtà náà wuyì. Bí tòní náà bá tún lọ di nǹkan mìíràn, wọn yóò dá a padà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ya òbìrìkítí. Ta ló sì wà níbẹ̀? Àbúrò ìyàwó rẹ̀, ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rẹ́rìn-ín títí ọdún yóò fi yí po.

Iṣẹ́ òní ni kí oníkálukú ya ojú ẹni tó bá wà nílé. Ẹni tó wà nílé ni Ìyá Ìbejì, aránṣọ. Ọkọ rẹ̀ ti gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní kó kọ ẹ̀gbẹ́ sí òun, ọrùn sì ti ń ro ó.

"Má mira," ni Bàbá wí láti ẹ̀yìn pátákó tó gbé lé orúnkún.

"Èémí ni mò ń mí, Bàbá Ìbejì."

"Mí in díẹ̀díẹ̀."

Ìyá Ìbejì ti awò ojú rẹ̀ sókè sí imú, ó fi igun ojú wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà na pẹ́ńsùlù síwájú, ó di ojú kan, ó la ìkejì sílẹ̀ bí ẹni ń yọjú wo inú aago.

"Ta ni ẹ ń ṣẹ́jú sí?"

"Mò ń wọn orí rẹ ni. Olùkọ́ ní pẹ́ńsùlù la fi ń wọ̀n ọ́n."

"Pẹ́ńsùlù? Èmi tí téèpù wà lọ́rùn mi?" Ó fa téèpù yọ, ó fi yí orí ara rẹ̀ ká. "Ó lé díẹ̀ ní íǹṣì méjìlélógún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí n kọ ọ́ síbo? Àwòrán ni mò ń yà, mi ò rán fìlà."

"Ẹni tí kò wọn nǹkan dáadáa ni ife rẹ̀ ń di bàtà."

Fóònù tó fẹ̀yìn ti agolo ṣúgà lórí tábìlì sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́, Bàbá sì mi orí bí ẹni gba àṣẹ.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ohun tí ojú wa bá rí ni kí á yà, kí á má ya ohun tí a mọ̀."

"Ìyẹn dára. Ẹ jẹ́ n wò ó." Ó na ọrùn. "Etí mi dà?"

"Òun rèé."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Mi ò rí i."

"Ẹ ò rí i? Etí tí ẹ ti ń kígbe sí láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi?"

"Mo mọ̀ pé o ní in. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí n ya ohun tí mo mọ̀."

"Tí àbúrò mi bá rí i ńkọ́? Yóò ní ẹ ti gé ẹ̀gbọ́n òun létí."

"Bí àbúrò rẹ bá rí i, a jẹ́ pé mo ti lọ bá a nídìí òbìrìkítí nìyẹn. Má mira."

Ìyá Ìbejì yí gbogbo ojú sí i. "Òun nìyí. Ẹ rí i wàyí?"

"Mo ti rí i." Bàbá yára yà á.

"Ẹ̀gbẹ́ kan náà lẹ to méjèèjì sí."

"Ibẹ̀ ni àyè wà."

"Ẹ pa á rẹ́. Ẹsẹ̀ mi dà?"

"Ó wà lábẹ́ tábìlì. Mi ò rí i."

"Etí kan, kò sẹ́sẹ̀. Kí ló wá kù lára mi tí ẹ rí?"

"Ẹnu. Ìyẹn ni ojú mi kò lè fò."

Ìyá Ìbejì pòṣé, ó padà kọ ẹ̀gbẹ́ sí i. Bàbá yọ ahọ́n jáde díẹ̀ létí ẹnu, bó ṣe máa ń ṣe bó bá tú ẹ̀yìn aago tó ṣọ̀wọ́n. Ó ń wò ó, ó ń yà, ó tún ń wò ó. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wo Ìyá Ìbejì bẹ́ẹ̀, kò sì mọ ibi tí òun yóò gbé ojú sí mọ́. Ó tilẹ̀ dín èémí kù.

Fóònù tún sọ̀rọ̀.

"Ó ku ẹnì kan kó kàn mí," ni Bàbá wí. "Mo máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ kí olùkọ́ lè fi wéra."

Ìyá dìde, ó já pátákó gbà. Ó wò ó títí.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọbìnrin elétí kan yìí. Mo jókòó síbí títí ọrùn mi fi fẹ́ yẹ̀, ẹ wá ń ya ọmọ ọlọ́mọ níṣojú mi."

"Ìwọ ni."

"Èmi ni irun mi dúdú báyìí? Eyín iwájú tí mo ti yọ dànù, ẹ ti dá a padà sípò. Awò ojú mi dà?"

"Awò wo?"

"Èyí tó wà nímú mi."

Bàbá wo imú, ó wo ìwé, ó tún wo imú. "Ìgbà wo lo ra ìyẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ fi ìṣó aago kan ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó yọ."

"Ìyá Ìbejì, ohun tí mo rí ni mo yà," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mi ò fi nǹkan kan kún un. Mò ń wò ọ́, mò ń yà á."

Ẹnu tí ojú kò lè fò yẹn là sílẹ̀ lásán. Ìyá Ìbejì tún wo àwòrán náà, ó sì wá mọ ọmọbìnrin ọ̀hún: òun fúnra rẹ̀ ni, nígbà ọ̀dọ́, tó máa ń gbé aago tí kò bàjẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yìí pé kó bá òun tún un ṣe.

"Bàbá, ó kàn yín," ni fóònù wí.

"Mo gbé," ni Bàbá wí. "Bá mi wá rọ́bà. Kí n yára fi awò sí i, kí n pa irun yẹn rẹ́."

"Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Olùkọ́ á ní kò jọ ọ́."

Ìyá Ìbejì yọ awò ojú, ó fa ìborí wálẹ̀ bo ewú, ó fi ahọ́n dí àlàfo eyín, ó sì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń jọ ọ́. Ẹ gbé e sókè."

Bàbá gbé àwòrán lọ́wọ́ kan, ó mú fóònù lọ́wọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀, tí kò rí nǹkan mọ́ láìsí awò, ń rẹ́rìn-ín sí agolo ṣúgà.

Olùkọ́ wo àwòrán, ó wo Màmá.

"Ó jọ wọ́n, Bàbá," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ ò ní í ya òbìrìkítí mọ́. Ṣùgbọ́n etí kejì Màmá ńkọ́?"

Kí Bàbá tó la ẹnu, Ìyá Ìbejì ti dáhùn, ahọ́n rẹ̀ kò tilẹ̀ kúrò nínú àlàfo: "Ó wà lábẹ́ tábìlì, olùkọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi."

Ẹ má gba tèmi gbọ́ o. Ẹ lọ fi pẹ́ńsùlù lé ẹni tí ẹ jọ ń gbé lọ́wọ́, ẹ jókòó kó ya yín, kí ẹ sì lọ wo ohun tó yà fúnra yín. Ẹ ṣáà má gbàgbé láti ka etí.