Bámgbádé Àyà-ò-kanlẹ̀ àti Ìyá Amọ̀kòkò

Ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí, ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó mú kí àwọn àgbà máa sọ pé, "Kò sí akọni tí àna rẹ̀ kì í dá mọ́lẹ̀"? Ẹ máa ń gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì máa jẹun yín lọ. Ó dáa, ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ báyìí, torí mi ò ní padà sẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Amọ̀. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀: àwọn obìnrin ń mọ ìkòkò, àwọn ọkùnrin ń jìjàkadì. Ta ló wá ń ro oko? Ẹ má bi mí. Ìgbànú kan wà nílùú náà, awọ ẹfọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá dá gbogbo àwọn tó kù níbi ọdún ìjàkadì ni wọ́n ń so ó mọ́ nídìí, oyè rẹ̀ sì ń jẹ́ Àyà-ò-kanlẹ̀. Bí wọ́n ti pe oyè náà ni òfin rẹ̀ rí. Àyà ẹni tó bá so ìgbànú yẹn, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, ìbáà ṣe nínú agbo ìjà, ìbáà ṣe lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀. Ọjọ́ tó bá kàn án, ohunkóhun tó bá gbé e lulẹ̀ ló ni ìgbànú.

Mo ní ohunkóhun. Ẹ fi sọ́kàn.

Nígbà kan, akọni kan ń ru igi bọ̀ láti oko, ni òbúkọ kan bá là á láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì kọjá. Ọkùnrin náà ṣubú, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Àwọn àgbà ìlú jókòó sí ọ̀rọ̀ yìí láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọn ò rí ọ̀nà mìíràn. Wọ́n so ìgbànú mọ́ òbúkọ nídìí. Odindi ọdún kan ni òbúkọ yẹn fi ṣe Àyà-ò-kanlẹ̀ ìlú. Ó ń jẹ iṣu gbígbẹ tí wọ́n sá sójúde, kò sẹ́ni tó lè jù ú lókò. Ohun tí àwọn obìnrin lè ṣe kò ju kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ lọ: "Ẹ rọra, Olóyè. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn ọmọ."

Ọwọ́ òbúkọ yìí ni Bámgbádé ti gba oyè.

Bámgbádé tóbi, ó lágbára lápá, inú rẹ̀ sì mọ́. Ó lọ bá Bàbá Ládèjọ, olórí àwọn oníjàkadì, ẹni tó ń lu agogo bí ẹnì kan bá ṣubú, ó ní òun kò lè bá ẹran jà lójú ayé. Bàbá Ládèjọ ní, "Ẹni tó ni oyè ni wàá dá. Òfin ò mọ ìwo." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ agbo. Òbúkọ kàn án nínú ikùn, ó kàn án ní ìdí, ó fa ṣòkòtò rẹ̀ ya, ó sì dúró, ó ń jẹ èyí tó ya. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá igi mú. Nígbà tí Bámgbádé máa fi rí ẹ̀yìn ẹran náà kanlẹ̀, òórùn òbúkọ ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ìyá tó bí i lọ́mọ gbé oúnjẹ rẹ̀ sí ìta. Títí tó fi darúgbó, bí wọ́n bá bi í pé ìjà wo ló burú jù nínú gbogbo èyí tó jà, kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Á ní, "Ti òbúkọ yẹn ni. Kò rẹ̀ ẹ́, kò tijú, ó sì ń rùn."

Èyí tó dùn jù ńkọ́? Ti Dàda Òpó ni, ará ìlú tó wà ní ìkọjá odò. Ọrùn Dàda àti orí rẹ̀ ṣe déédéé ni, o ò lè mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Ìgbà tí àwọn obìnrin ń gbé ọbẹ̀ kaná ni àwọn méjèèjì dì mọ́ra. Wọ́n fà, wọ́n tì, wọ́n dúró gbagidi bí igi méjì tó gbára lé ara wọn. Àwọn obìnrin fi ọbẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá wòran. Nígbà tí Bámgbádé gbé Dàda, tó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tẹ́ ẹní, Bàbá Ládèjọ ń sunkún, kò rántí lu agogo. Ọbẹ̀ gbogbo ìlú ló jóná lọ́jọ́ náà, kò sì sí ọkọ kan tó bínú.

Láti ìgbà náà, ìjàkadì di iṣẹ́ tí Bámgbádé fi ń jẹun. Ìlú tó bá ń ṣọdún á ránṣẹ́ pè é, wọ́n á di iṣu àti àkùkọ fún un, á lọ, á dá akọni ibẹ̀, á padà wálé. Ọdún ń gorí ọdún, kò sẹ́ni tó dá a. Ohun kan ṣoṣo ni ìgbànú yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀: kò lè dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Bí àgbà bá ń kọjá, á lóṣòó, á fi ìka kan ilẹ̀. Ọba pàápàá ní kò burú, oyè ló fà á.

Bó ṣe rí nìyẹn títí ó fi pàdé ọmọbìnrin kan, Àyọ̀ká, létí odò, níbi tó ti ń wa amọ̀ sínú agbọ̀n.

"Jẹ́ kí n bá ẹ rù ú."

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò lè rù ú?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Agbára ló ń ṣòfò lára mi."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì wọ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Àyọ̀ká ní kó lọ rí ìyá òun, torí bàbá òun ti kú, ìyá ló ń ṣe méjèèjì. "Àmọ́ kó o mọ̀ o, ìyá mi kì í ṣe òbúkọ."

"Mo mọ̀."

"O ò mọ̀."

Ìyá Àyọ̀ká kò ga ju ìkòkò aró lọ. Ó ń mọ ìkòkò lọ́wọ́ nígbà tí Bámgbádé dé, ó ń yí i po bí àwọn amọ̀kòkò ti ń ṣe, ó ń fi ọwọ́ dán ẹnu rẹ̀. Bámgbádé lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ yín ni mo wá tọrọ."

Obìnrin náà kò gbójú sókè. "Mò ń gbọ́ ohùn. Mi ò rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀."

"Ìyá, ẹ mọ òfin oyè mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣé o mọ òfin tèmi? Ìkòkò tí mi ò bá dojú ẹ̀ délẹ̀, ìdí rẹ̀ kì í gbẹ. Ọkùnrin tí kò lè dojú délẹ̀ fún mi, ibo ni mo fẹ́ gbé e sí?"

Bámgbádé lọ sílé, ó ronú. Lọ́jọ́ kejì ó padà dé pẹ̀lú odó méjì lábẹ́ apá àti pákó lórí. Ó to odó, ó tẹ́ pákó lé e, ó sì nà gbalaja sórí rẹ̀. Ìyá Àyọ̀ká dìde, ó yí i ká bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù.

"Kí lo wá ń ṣe lókè bí iṣu orí àjà?"

"Mo dọ̀bálẹ̀ ni mà. Pákó wà lórí odó, odó wà lórí ilẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi wà nínú ilé, ilé wà nínú ìlú, ìwọ náà wà nínú ìlú. O ti fẹ́ ẹ nìyẹn. Máa lọ sílé."

Ó tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó dojú délẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi gbéra dúró, àyà rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Ìyá Àyọ̀ká wò ó. Òròmọdìẹ kan ti apá òsì wọlé sábẹ́ rẹ̀, ó yọ lápá ọ̀tún láì tẹ orí ba.

Ìyá ní, "O rí i? Adìẹ mi ti jẹ́rìí. Dúró bẹ́ẹ̀ kí n parí ìkòkò yìí."

Ó parí ìkòkò. Ó fọ ọwọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Òógùn Bámgbádé ti rin ilẹ̀ kó tó ní kó dìde. "Agbára wà lára rẹ o," ni ìyá wí. "Kì í ṣe òun ni mò ń wá."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ahunṣọ kan wà nílùú, Kújọrẹ ni wọ́n ń pè é, òun náà ń tọrọ Àyọ̀ká. Kújọrẹ mọ ìdọ̀bálẹ̀. Á ti bẹ̀rẹ̀ láti ìta, títí erùpẹ̀ fi máa bo fìlà rẹ̀. Àyọ̀ká wá bá Bámgbádé, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi ní bí ọdún ìjàkadì bá ti kọjá, òun á dá Kújọrẹ lóhùn."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o fẹ́ ẹ ni?"

"Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́ wa lánàá torí pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà? Ìwọ ni mo fẹ́, Bámgbádé. Àmọ́ mi ò lè bá ẹ dọ̀bálẹ̀."

Bámgbádé kò lè jẹun. Bó bá lọ dọ̀bálẹ̀ nílé ìyá yìí, ìgbànú lọ nìyẹn. Ìlú wo ló máa tún ránṣẹ́ pe oníjàkadì tí ìyá amọ̀kòkò dá? Kí ló máa fi bọ́ ìyàwó? Bí kò bá sì dọ̀bálẹ̀, ìyàwó wo ló máa bọ́? Ó rò ó títí ọjọ́ ọdún fi pé, ó sì wọ agbo láì tíì mọ èyí tó máa ṣe.

Dàda Òpó ló kàn án. Ọkùnrin náà ti ń múra láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ní màlúù kékeré ló ń gbé kọ́rùn kiri oko. Wọ́n dì mọ́ra, erùpẹ̀ sọ. Dàda fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ Bámgbádé yọ̀, gbogbo ìlú mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ibi tó ti máa dì í mú. Ó kígbe, ó fa Dàda tu nílẹ̀, ó gbé e gun orí. Dàda wà lókè, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́ bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ohun tó kù kò ju kí Bámgbádé tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bàbá Ládèjọ ti gbé ọ̀pá agogo sókè.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Àyọ̀ká kọjá létí agbo, ó gbé àmù tuntun rù, irú èyí tí wọ́n máa ń bu omi sí fún àwọn òǹwòran. Ó dúró. Ó wo Bámgbádé. Ó sì kí i bí ẹni ń kí ẹni tó ń ro ebè:

"Àna mi, o kú iṣẹ́ o."

Kò pè é ní àna rí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí wọ́n bá fi kọ́ èèyàn láti kékeré, ara ló ń gbọ́ ọ ṣáájú etí. Kí orí Bámgbádé tó bi orúnkún rẹ̀ léèrè, ó ti nà sílẹ̀ gbalaja: àyà, ikùn, iwájú orí, gbogbo rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà," ni ohùn rẹ̀ wí látinú erùpẹ̀.

Ó ti gbàgbé pé òun gbé èèyàn dání. Dàda já lé e lẹ́yìn gbì, bí ẹrù iṣu, ó sì nà síbẹ̀.

Dàda ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo dá a."

Bàbá Ládèjọ súnmọ́ wọn. "Ìwọ? Nígbà tó ń lọ sílẹ̀, ibo lo wà?"

"Lókè."

"Kí lò ń ṣe lókè?"

Dàda rò ó. "Mò ń dúró dè é."

Bàbá Ládèjọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi ẹni tó wà nísàlẹ̀. "Bámgbádé, kí ló gbé ọ lulẹ̀?"

"Àna mi ni, bàbá."

Bó ti sọ ọ́, ó gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ, ẹ̀rín sì bò ó. Ìgbànú ti lọ, ó mọ̀. Síbẹ̀ kò dìde. Wọ́n ní kó dìde, ó ní wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ìyá rí òun dáadáa.

Bàbá Ládèjọ yíjú sí àwọn àgbà. "Ṣé ẹ rántí òbúkọ?" Wọ́n rántí. Wọ́n tú ìgbànú kúrò nídìí Bámgbádé, wọ́n gbé e lọ bá Ìyá Àyọ̀ká.

"Ẹ má so nǹkan kan mọ́ mi. Ẹrù wà lórí mi."

Wọ́n so ó. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá," ni Àyọ̀ká wí bó ti ń bá a sọ àmù kalẹ̀, "a ti gbé àmù wá láàárọ̀."

"Ṣé àmù kan ló máa tó gbogbo ẹni tó ń la ẹnu sílẹ̀ yìí?"

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Mo kí i ni. Ṣé ìkíni ti di ìjàkadì?"

Bámgbádé fẹ́ Àyọ̀ká. Kújọrẹ fúnra rẹ̀ ló hun aṣọ ìyàwó, ó dọ̀bálẹ̀ nígbà tó gbé e wá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bámgbádé ní òun á gba ìgbànú òun padà. Wọ́n gbé àpótí sínú agbo, Ìyá Àyọ̀ká jókòó lé e, ìgbànú wà nídìí rẹ̀. Bámgbádé na apá, ó bú bí kìnnìún, ó sáré wọlé.

"Àna mi, ṣé dáadáa lo jí?"

Gbalaja.

Dàda Òpó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń ṣe òsúkè. Ó ní òun kì í ṣe àna ẹnikẹ́ni, òun ló kàn. Ìyá Àyọ̀ká wò ó tìfẹ́tìfẹ́. "Ọmọ dáadáa. Ta ni ìyàwó rẹ?"

"Mi ò tíì ní mà."

"Àbúrò Àyọ̀ká nìyẹn, èyí tó ń bu omi lọ́hùn-ún."

Dàda wo ọ̀hún. Ó pẹ́ kó tó wo ibòmíràn. Nígbà tí ọdún mìíràn fi máa yí po, ọkùnrin méjì ló nà sínú erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú àpótí yẹn, ìyá sì ń bi wọ́n bí ilé ti wà.

Ẹ sì má bẹ̀rù pé ebi pa wọ́n. Àwọn ìlú ṣì ń ránṣẹ́, ìyá ni wọ́n ń fẹ́ rí. Òun á ṣáájú pẹ̀lú ìgbànú rẹ̀, Bámgbádé á ru ìkòkò tẹ̀ lé e, wọ́n á tà á, wọn kì í sì gbé ọ̀kan padà wálé. Ọdún tí ìyá yẹn fi so ìgbànú ju ti Bámgbádé lọ fíìfíì. Gbogbo akọni tó wá, ó bi wọ́n pé ta ni ìyàwó wọn, nígbà tí ọmọ tirẹ̀ sì tán nílé, ó ń fi ọmọ àbúrò rẹ̀ kún un. Nínú gbogbo akọni tó wọ agbo Òkè-Amọ̀ láyé ìyá yẹn, òbúkọ nìkan ni kò dọ̀bálẹ̀ fún un, òun náà torí pé kò fẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí géńdé tó ń gbé àyà sókè kiri àdúgbò pé kò sẹ́ni tó lè gbé òun ṣubú, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í pé ilé ta ló ti fẹ́ ìyàwó. Kò sí akọni tí àna rẹ̀ kì í dá mọ́lẹ̀.