Ìyọkúrò Tó Pa Adìẹ Ìwàrà

Ọjọ́ tí mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ìyọkúrò ní Ìwàrà kò ní kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni, mo ti Ìgbọ̀nà l'Óṣogbo dé pẹ̀lú àpótí kan àti ìgbéraga tí àpótí ọ̀hún ò lè gbà. Wọ́n ti kọ́ wa pé ohun tí ọmọdé ń rí nílé ni ká fi kọ́ ọ ní ìṣirò. Èmi náà di ọ̀rọ̀ yìí mú bí ìhìnrere.

Ni mo bá kó àwọn ọmọ lọ sẹ́yìn ilé-ìwé, níbi tí Ìyá Bọ́sẹ̀ ti ń sin adìẹ. Opó ni, Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀ sì wà ní kíláàsì mi. Àwọn adìẹ yẹn ló fẹ́ tà nígbà Kérésìmesì, kó lè fi ra ìwé àti aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ náà. Mo nawọ́ sí àwọn tó ń ṣa àgbàdo jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Adìẹ márùn-ún nìyí. Bí méjì bá kú, mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta!" ni gbogbo wọ́n pariwo. Inú mi dùn débi pé mo tún pa méjì sí i.

Ìyá Bọ́sẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná, ó káwọ́ lérí. "Tìṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu pa wọ́n fún mi o."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Mà. Ìṣirò lásán ni."

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà náà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, lúkúlúkú, àrùn tó máa ń pa adìẹ lásìkò ọyẹ́, ti wọ ìlú. Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀dọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ náà ni. Adìẹ ń yí ọrùn, wọ́n ń ṣubú, kò sì ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Obìnrin náà wá bá mi ní kíláàsì, ó da èdè Ìjẹ̀ṣà ìlú wọn bò mí. Ìdajì ni mo gbọ́, ìdajì ọ̀hún sì tó mi. Ó fa Bọ́sẹ̀ dìde, ó ní ọmọ òun ò ní jókòó sábẹ́ ẹnu mi mọ́. Ojú tì mí níwájú àwọn ọmọ.

Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní màá tún un ṣe. Mo ra àgbébọ̀ adìẹ kan l'Óṣogbo, mo dì í lẹ́sẹ̀, mo kì í sínú àpò, mo sì jẹ́ kí awakọ̀ jù ú sí búùtù. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Mo ti kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Bọ́sẹ̀, mo ti bẹ̀bẹ̀ títí, kí n tó tú àpò. Adìẹ ò mí mọ́.

Ó wo adìẹ, ó wò mí. "Tìṣà, mélòó ló kù?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹsẹ̀ adìẹ náà.

"Ẹ dìde. Mo mọ̀ pé lúkúlúkú ni. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ra ìwé?" Kò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ti fi Bọ́sẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun fúnra rẹ̀ ní Iléṣà, kó lọ máa bá a gbé ọmọ. N ò fojú kan ọmọ náà mọ́.

Láti ìgbà yẹn, kí n tó fi nǹkan oní-nǹkan ṣe àpẹẹrẹ, mo máa ń kọ́kọ́ ro ẹni tó ni ín. Kò sí ohun tó ń kú nínú ìṣirò mi mọ́; ọsàn là ń jẹ, àlejò là ń bù níṣu. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ní gbogbo tẹ́ẹ̀mù yẹn, bí mo bá ti béèrè pé mélòó ló kù, àyè Bọ́sẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú ni ojú mi máa ń lọ.