Ọ̀gá Tí Wọ́n Tì Mọ́ Yàrá Fúláwà

Ẹjọ́ kan gúnlẹ̀ síwájú Kgosi Mothibedi, olórí abúlé wa, lánàá, tó fi jẹ́ pé àwọn ìgbìmọ̀ tó ń tòògbé pàápàá ta jí. Moatlhodi tó ni ilé búrẹ́dì ló pe Mma Boikanyo, obìnrin tó ń bá a ṣọ́ ààrò, lẹ́jọ́.

"Kábíyèsí, obìnrin yìí tì mí mọ́ yàrá fúláwà, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àyà! Mo ti lé e níṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tíì tó mi."

Mma Boikanyo tún ṣọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe. "Ọ̀gá fúnra wọn ló ní kí n ṣe é."

"Irọ́ ńlá! Èmi?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ò ní ká má fìṣòro dà yín láàmú mọ́? Pé ẹni tó bá rí ohun tó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, kó fọpọlọ ara ẹ̀ wá ojútùú?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ojoojúmọ́ ni búrẹ́dì ń jó. Mo wò ó títí. Tó bá ti wọ ààrò báyìí, ìgbà yẹn gan-an lẹ máa ń kó wa jọ, tẹ́ ẹ máa wàásù lórí bí èèyàn ṣe ń lo ọpọlọ. Mo wá ojútùú. Ojútùú náà ní ilẹ̀kùn."

Gabaake tó ń po fúláwà jẹ́rìí fún ọ̀gá rẹ̀. "Igbe ni wọ́n ń ké, Kábíyèsí! Àánú wọn ṣe mí."

"Kí lo wá ṣe?" Kgosi béèrè.

"Mo sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa."

Onkemetse tó ń ta búrẹ́dì fò sókè. "Igbe kẹ̀? Ìwàásù ni! Àwọn àpò fúláwà ni wọ́n ń wàásù fún. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè nawọ́ sókè!"

"Eku ni mo ń fohùn lé!" Moatlhodi pariwo.

"Búrẹ́dì ọjọ́ náà ńkọ́?" Kgosi béèrè.

Moatlhodi wolẹ̀. "Kò jó. Gbogbo ẹ̀ ló tà."

Kgosi pòṣé. "Aláìnítìjú! O ní kí wọ́n ronú, ẹnì kan ronú, o lé e. Boikanyo, padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n o ò fún un lómi mu nínú yàrá yẹn, wàá mú adìyẹ kan wá fún ìgbìmọ̀. Ìwọ Moatlhodi, oṣù kan gbáko lo máa fi ṣọ́ ààrò lábẹ́ obìnrin yìí. Búrẹ́dì tó bá jó níbi tó o ti ń sọ̀rọ̀, ìwọ lo máa jẹ ẹ́ tán níwájú àwọn oníbàárà. Láìsí tíì."

Láàárọ̀ yìí mo lọ ra búrẹ́dì, mo kí Moatlhodi. Orí ló fi dá mi lóhùn. Ẹnu ẹ̀ kún bámú, ètè ẹ̀ dúdú bí èédú.