Bí Ògúnrìndé Alágádágodo Ṣe Ṣẹ́gun Kílíìkì

Ẹ bá mi kí Ògúnrìndé Àlàó, ọmọ Ògúnjìmí, ọmọ alágbẹ̀dẹ Ìkìrun tó fi ewìrì fẹ́ iná títí irin fi bẹ̀bẹ̀, ọmọ ọkùnrin tó rọ ọkọ́ tí wọ́n fi ro oko ìlú mẹ́ta, ọmọ obìnrin tó máa ń gbé irin gbígbóná bí ẹní gbé ìkókó. Ògúnrìndé, ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ tí àgádágodo ń rí tí ẹnu wọn ń là fúnra wọn. Ẹkùn tí ń fi wáyà kan ṣoṣo wọ inú irin lọ, tí etí rẹ̀ ń rí ohun tí ojú àwa yòókù kò tó. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti fi jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù onípákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kán sínú ilẹ̀kùn, ẹni tí ìyàwó tì mọ́ ìta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà. Yóò fi etí ti irin náà, yóò dákẹ́ bí odò inú ọ̀gbẹlẹ̀, yóò yí wáyà díẹ̀, irin á dún kẹ́, ilẹ̀kùn á sì ṣí.

Àwọn òyìnbó ń pe dídún yẹn ní kílíìkì. Ògúnrìndé gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, ó sọ ọ́ di ti ara rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó dá a lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló wá dìtẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ayàwòrán ní kó má ṣẹ́jú títí òun yóò fi kílíìkì, ó yé e, kámẹ́rà dún. Nígbà tí awakọ̀ Òṣogbo ní kó fa bẹ́líìtì ìjókòó títí yóò fi kílíìkì, ó yé e pẹ̀lú, bẹ́líìtì dún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìbíwùmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Kánádà, pè é pé òun ti rí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bánkọ́lé, pé láti ọjọ́ tí àwọn ti pàdé ni àwọn ti kílíìkì, bàbá béèrè kí ló dún lára wọn. Ọmọ rín ẹ̀rín, ó ní ọkàn àwọn ló bára mu. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ń rò ó ta ni kọ́kọ́rọ́, ta ni àgádágodo nínú àwọn méjèèjì. Kò bi ìyàwó rẹ̀, torí ó mọ̀ pé yóò dá òun lóhùn.

Ọjọ́ ìgbéyàwó wá kò. Kò sí ọ̀nà tí bàbá àti ìyá lè gbà dé Kánádà, nítorí náà Ìbíwùmí ṣètò pé kí wọ́n máa wò ó lórí fóònù, kí bàbá òun sì gbàdúrà fún òun kí òun tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ìlà búlúù kan, líǹkì tí yóò ṣí ìgbéyàwó náà lójú fóònù, ránṣẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣáà kílíìkì lórí rẹ̀ tó bá di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, akọni wọ agbádá ẹtù rẹ̀, ó dé fìlà, ó tẹ́ fóònù sórí tábìlì bí ẹní tẹ́ pápá ogun. Ó gbé àtàǹpàkò lé ìlà búlúù, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹní ń tẹ àgádágodo tó ti dípẹtà láti ayé àtijọ́. Ó fi etí tì í. Ó gbọ́ mímí ara rẹ̀, ó gbọ́ adìẹ lẹ́yìnkùlé, kò gbọ́ kẹ́. Dípò kí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tò jáde lójú fóònù bí àwọn ẹ̀ṣọ́, wọ́n ń béèrè bóyá ó fẹ́ dà á kọ tàbí ó fẹ́ pa á rẹ́. Jagunjagun fà sẹ́yìn. Ó tún padà, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún fetí sí i, òógùn bọ̀ ọ́ lábẹ́ fìlà. Agogo mẹ́rin kọjá.

Fóònù dún. Ìbíwùmí ni.

“Bàámi, ṣé ẹ ò tíì kílíìkì ni? Gbogbo èèyàn ti jókòó. Mi ò lè wọlé láìgbọ́ ohùn yín.”

“Mo ti ń kílíìkì láti àárọ̀, ọmọ mi. Kò dún ni.”

“Kì í dún, sà. Ti fóònù kì í dún.”

Kílíìkì tí kì í dún! Gbogbo ohun tí Ògúnrìndé mọ̀ láyé mì tìtì. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ọwọ́ àjèjì. Àyà rẹ̀ já pé bóyá wọn yóò fọmọ òun fún ọkọ láìsí òun níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó tì í láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, wá sún mọ́ ọn. “Bàbá Ìbíwùmí, ẹ yé fetí tì í,” ló wí. “Ẹ wò ó.”

Akọni kò fi etí tì í mọ́. Ó nu awò ojú rẹ̀ létí agbádá. Ó na ìka ìfábẹ̀lá, ó sì fi kan ìlà náà fẹ́rẹ́, bí ẹní fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń sùn. Ojú fóònù funfun, ó dúdú, ó sì là: Ìbíwùmí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ funfun, omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. Bánkọ́lé dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kóòtù lára rẹ̀. Bàbá ṣí ẹnu, ó gbàdúrà. Àdúrà náà gùn débi pé pásítọ̀ wo aago.

Ẹ jẹ́ kí tọmọdé tàgbà Ìkìrun gbọ́ ọ, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún ẹni tí kò sí nílé: ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, Ògúnrìndé Àlàó fi ìka kan ṣoṣo la òkun kọjá, ó fa ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́ ní Kánádà, kò sì dìde lórí àga.