Òní Nìkan, Ẹ Bá Mi Sanra

Láàárọ̀ Sátidé kan ní Sùúrùlérè, Àrínọlá, ìyàwó Ọládiméjì, jókòó sétí ibùsùn, ó ṣí àpótí aṣọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fa ẹ̀wù yọ bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Kò re ibì kankan o. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ tó yẹ kí wọ́n jọ múra de ìyá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti eré sísá dé láti pápá ìṣeré ni, ó wọ ṣòkòtò péńpé, òógùn bò ó, ó ń fò sókè sódò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú eré o, Dádì Jọmílójú."

"Má tíì kí mi! Jẹ́ kí ọkàn mi rọra balẹ̀ ná. Ẹni tó bá sáré, tó wá dúró gbagidi, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò ní mọ ọ̀nà tó máa gbà."

"Ọkàn tèmi ò tíì balẹ̀ láti àná. Ẹ wọlé, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀."

"Sọ ọ́, mò ń gbọ́." Ó di ìbàdí mú, ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ sósì.

"Màmá ti kúrò nílé láti ìdájí. Wọ́n á dé kó tó di ọ̀sán."

"Ó mà dáa o! Wọ́n á bá wa jẹ sàláàdì."

"Wọn ò wá jẹ sàláàdì. Wọ́n ń bọ̀ wá fojú ara wọn rí ọmọ wọn tó rù ni."

"Ta ló rù? Mo fúyẹ́ ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀?"

"Ẹni tó rù, ìyà ló jẹ ẹ́. Ẹni tó fúyẹ́, fúnra ẹ̀ ló lọ jẹ ìyà."

"Ẹ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún Ọ̀jẹ̀túndé."

Ará ìlú wọn ni Ọ̀jẹ̀túndé, mọ́tò ló ń tún ṣe ní Costain, kò sì sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan l'Ékòó tí kò ní dé ilé láti ẹnu rẹ̀.

"Kí ló ṣe Ọ̀jẹ̀túndé?"

"Ṣé ẹ pàdé ẹ̀ láìpẹ́ yìí níbi tí ẹ ti ń sáré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń pè mí. Ó tiẹ̀ sáré tẹ̀ lé mi díẹ̀, ó ń bi mí pé ta ló ń lé mi."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"N ò sọ nǹkan kan. A kì í sọ̀rọ̀ lórí eré, èémí á já ni. Mo kàn juwọ́ sí i."

"Ẹ juwọ́ sí i! Òun náà sì ránṣẹ́ sílé. Ó ní òun rí ọmọ wọn ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tó ń sá kiri títì, ó ti rù, ìhòhò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́."

"Síńgílẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn mi!"

"Kí ọ̀rọ̀ yẹn tó kọjá Ìbàdàn, síńgílẹ́ẹ̀tì ti bọ́. Nígbà tó fi máa dé Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mò ń fi ọmọ odó lé yín."

Ọládiméjì bú sẹ́rìn-ín. Àrínọlá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Orúkọ tó ti ń fi ọdún mẹ́fà tọ́jú nílé ọkọ ni wọ́n fẹ́ bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ yìí, ó sì ń dùn ún wọra.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Nínú ilé tí a wà yìí náà, ìyá onílé ti pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n máa ṣe sùúrù, pé ọkọ tí wọ́n bá ń lé jáde láràárọ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní padà wálé."

"Ṣé o ò sọ fún wọn pé eré ìdárayá ni?"

"Mo sọ. Wọ́n ní eré ìdárayá wo ni èèyàn ń ṣe bọ̀ tí ojú ẹ̀ ń ṣomi?"

"Òógùn ni!"

"Mo sọ ìyẹn náà. Wọ́n ní kí n ṣáà lọ ronú."

"Àwọn èèyàn ò lajú. Ẹgbẹ́ wa tó ń sáré ní pápá ìṣeré, àwọn ọ̀gá ńlá wà níbẹ̀. Julius tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti fọn dáadáa, ìyàwó ẹ̀ ò sì sọ nǹkan kan."

"Ìyàwó Julius ò ní ìyá ọkọ. Ìyá Múrítàlá yàrá kejì wá ńkọ́?"

"Kí lòun ṣe?"

"Wọ́n ní àwọn fún yín ní mọ́ínmọ́ín nídìí ẹ̀rọ omi."

"Wọ́n fún mi. Obìnrin dáadáa ni."

"Ẹ sì gbà á?"

"Ẹ̀wà ni! Púrótíìnì gidi ni. Wọn ò fi epo rẹpẹtẹ sí i."

"Dádì Jọmílójú, alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo gúnyán. Mo se ẹ̀gúsí, mo fi ẹja tútù sí i. Ẹ ní ẹ kì í jẹ òkèlè lálẹ́. Ẹ jẹ kábéèjì, ẹ mu omi, ẹ sùn. Ilẹ̀ wá mọ́, ẹ lọ gba mọ́ínmọ́ín nídìí ẹ̀rọ lójú gbogbo ilé, ẹ sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró!"

"Ebi ló ń pa mí."

"Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Àwọn ló bi mí. Ṣé kí n wá purọ́ ni?"

Àrínọlá káwọ́ lérí. Ó mí kanlẹ̀, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó wá sọ èyí tó ti ń bà á lẹ́rù láti àná.

"Màmá ò sì dá wá. Wọ́n ń mú ọmọbìnrin kan bọ̀, Adùnọlá lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ní kó wá máa bá mi dáná."

"Màmá mà ṣeun o! Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Á máa bá ẹ ge kárọ́ọ̀tì."

"Ọmọ náà ti dàgbà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, á lágbára."

"Wọ́n ní ọbẹ̀ ẹ̀ máa ń dùn ju ti gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ."

"Kó ṣáà máa dín epo kù."

"Wọ́n ní ọmọ ilé rere ni, tẹrù-tẹrù ló sì ń bọ̀."

"A máa ti ẹrù ẹ̀ sábẹ́ ibùsùn."

"Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́? Orí ibùsùn ta ni?"

Ẹsẹ̀ tí Ọládiméjì gbé sókè ò balẹ̀ mọ́. Ó fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó la ẹnu, ó ń wo ìyàwó rẹ̀.

"Háà! Ìyàwó ni?"

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Rárá! Màmá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mà á jókòó, mà á ṣàlàyé fún wọn. Mà á ní, Màmá, ọ̀rá tó bá pọ̀ lára èèyàn, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ dì sí..."

"Màmá wo? Màmá tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fẹ́ yin Bàbá, orí ikùn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀? Bí ẹ bá sì dárúkọ dókítà pẹ́nrẹ́n, ilẹ̀ ò ní ṣú tí wọ́n á fi gbé yín lọ sílé lọ tọ́jú."

Ọládiméjì wá jókòó wàyí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Àrínọlá, o mọ ìdí tí mo fi ń sáré. Ikùn Bàbá tí wọ́n ń yìn yẹn, òun náà ló wó lù wọ́n. Ìdí oúnjẹ ni wọ́n kú sí. N ò tíì gbọ́n dáadáa nígbà yẹn. Lọ́jọ́ tí dókítà ibi iṣẹ́ sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ti ń ru, Jọmílójú ni mo rò. Mo fẹ́ wà láyé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sìn ín rèlé ọkọ."

Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe Àrínọlá. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí nígbà tó tóbi, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ báyìí tó ti fọn. Kódà kì í hanrun lóru mọ́. Ó fi etí ìró nu òógùn iwájú orí rẹ̀.

"Mo mọ̀. Èmi ò ní kí ẹ má sáré. Bó bá wù yín kí ẹ sáré dé Iganmu, èmi á máa ge kábéèjì dè yín. Ṣùgbọ́n òní nìkan, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sanra."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sanra kó tó di ọ̀sán?"

"Ẹ wọ èyí."

"Síńgílẹ́ẹ̀tì nìyí."

"Ó dáa. Ẹ wọ ìkejì lé e. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí. Ẹ na apá, súẹ́tà rèé."

"Súẹ́tà ọyẹ́? Nínú ooru yìí, tí iná ò sì sí?"

"Ẹni tó lè sáré nínú oòrùn, ó lè jókòó nínú súẹ́tà."

Ó ká tówẹ̀lì ńlá méjì pọ̀, ó gbé wọn lé ọkọ rẹ̀ níkùn, ó sì fa ọ̀já tó fi pọn Jọmílójú yọ. Ó ń we é mọ́ ọn nídìí.

"Kí lò ń ṣe yìí?"

"Mò ń pọn ikùn fún yín."

"Iwájú lo pọ̀n ọ́n sí!"

"Ibẹ̀ náà ni ikùn ń wà. Ẹ mí sínú kí n dì í."

Ó da agbádá bò ó. Ó lọ sẹ́yìn, ó wò ó. Láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ọ̀gá pátápátá. Láti ọrùn sókè, ẹni tí wọ́n ń fi kábéèjì bọ́.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kù. Ẹ fi sùgà onígun kọ̀ọ̀kan sí i lọ́tùn-ún lósì."

"Sùgà! O fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ gba orógbó dípò ẹ̀."

"Ṣé orógbó dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Ó dáa fún ìdílé. Ẹ yanu."

Mọ́tò kan fun fèrè níta. Àwọn méjèèjì ta gìrì.

"Wọ́n ti dé! Ẹ lọ pàdé wọn. Ẹ máa rìn bí ẹni tó yó."

Ọládiméjì sọ̀rọ̀ tòun ti orógbó lẹ́nu. "Báwo nìyẹn ṣe ń rìn? Mo ti gbàgbé."

"Ẹ má kánjú, ẹ sì máa mí hìn-ìn, hìn-ìn."

Ó jáde, ó ń mí hìn-ìn, hìn-ìn. Àrínọlá dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, ó tẹ́tí. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ kú àbọ̀." Lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́. Ó rò pé àlàáfíà ni, àfi bí igbe ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe gba gbogbo ọgbà kan: "Yéè! Ọmọ mi o!"

Àrínọlá di kọ́tìnì mú. Ó ní ọ̀já ti tú nìyẹn, tówẹ̀lì ti jábọ́ lójú Màmá, lójú Adùnọlá, lójú ìyá onílé. Ó wo ibùsùn rẹ̀, ó wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, omi sì lé sí i lójú. Nígbà tó yá, Ọládiméjì wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó tu orógbó sọ́wọ́. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ ju ti òwúrọ̀ lọ.

"Ó tú, àbí?"

"Kò tú."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Jẹ́ kí n mí ná."

"Ẹ mí tó bá yá! Ẹ sọ̀rọ̀!"

"Mo dé ọ̀dọ̀ Màmá. Mo ní ọmọ tó bá rí ìyá ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀. Mo wá dọ̀bálẹ̀."

"Ẹ ṣe dáadáa."

"Mo dọ̀bálẹ̀ títí, n ò kanlẹ̀."

"Báwo?"

"Ikùn tí o pọ̀n fún mi! Òun ló kọ́kọ́ délẹ̀, èmi wà lórí ẹ̀, mò ń yí bí bọ́ọ̀lù. Bí mo bá fi àyà wá ilẹ̀, ẹsẹ̀ á lọ sókè. Bí ẹsẹ̀ bá délẹ̀, àyà á gbéra. Màmá dúró lé mi lórí, wọ́n ń retí kí n kí wọn tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti figbe ta."

"Wọ́n ní kí ló dé?"

"Wọ́n ní, 'Ọmọ mi ti sanra débi pé kò lè dọ̀bálẹ̀ kí mi mọ́!'"

Àrínọlá fọwọ́ bo ẹnu.

"Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní irú ikùn tó pa Bàbá gan-an rèé."

"Ikùn tí wọ́n ń yìn?"

"Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ràn ẹ̀ rí, òkú ni a kì í bú. Wọ́n kọjú sí Ọ̀jẹ̀túndé tó lọ gbé wọn ní gáréèjì, wọ́n ní ojú ẹ̀ ò ríran, kó má tún mọ́tò ẹnikẹ́ni ṣe mọ́."

"Adùnọlá ńkọ́?"

"Wọ́n ní obìnrin tó lè bọ́ ọkọ tó báyìí, iná wo ni èèyàn tún fẹ́ bá a dá? Ọ̀jẹ̀túndé ti ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Ìpọ̀nrí, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán."

Àrínọlá kúnlẹ̀ síbi tó wà. "Ọlọ́run mi, o ṣeun o. Ojú ò tì mí."

"Má tíì dìde, ó kù. Wọ́n ní kí o dín oúnjẹ mi kù. Wọ́n ní ewébẹ̀ ni kí o máa fún mi. Láti àárọ̀ ọ̀la, kí n máa jí sáré, àwọn fúnra wọn ló máa máa jí mi."

"Ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an nìyẹn!"

"Wọn ò sì ní padà sílé, àfi tí àyà mi bá kanlẹ̀ níwájú wọn."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, ilé wọn ni."

"Kí ni wọ́n ń jókòó ṣe? Ìyá onílé ni wọ́n ń kí lọ́wọ́ báyìí. Bá mi tú ọ̀já yìí kíá, ooru fẹ́ pa mí. Mà á jáde lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà á kanlẹ̀, gbogbo wa á sinmi." Ó ti na ọwọ́ sí ìdí ọ̀já.

Àrínọlá fò dìde, ó gbá ọwọ́ náà mú.

"Ẹ rọra o, Dádì Jọmílójú! Bí ẹ bá rù lójijì báyìí, wọ́n á ní ebi ni mo fi ń pa yín."