Ẹjọ́ Tí Ajíṣafẹ́ Pe Kòkòrò

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ ló jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹni tó bá fẹ́ sùn kó yáa wọlé lọ sùn, torí n kò ní í tún un sọ. Ìtàn náà ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tún ń dùn mí. Bí mo bá dé ibi tó ti ń dùn mí, ẹ̀yin náà á mọ̀.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Ìdí-Ahùn tó ń jẹ́ Ajíṣafẹ́, orúkọ yẹn sì rò ó. Kò sí ohun tó ní tí kì í nù ní ànùtúnnù. Ó ń nu ẹnu ọ̀nà, ó ń nu àpótí ìjókòó, àní ó máa ń nu ẹsẹ̀ ewúrẹ́ rẹ̀ kó tó jẹ́ kó wọlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ kì í gbálẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ni Àwẹ̀ró, arúgbó tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, torí tẹ̀tẹ̀ tó ń gbìn síwájú ilé. Tẹ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀ ń rí káàkiri o. Igi rẹ̀ pọ́n, ewé rẹ̀ fẹ̀, bí wọ́n bá sì ń sè é, ará ilé kẹta á ti máa wá ìdí tí yóò fi yà kí wọn. Ìyá tó bí Àwẹ̀ró ló so irúgbìn rẹ̀ mọ́ ọn létí ìró lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ, ó sì ní kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ẹbí. Ìyá ń fún aládùúgbò ní ewé, ṣùgbọ́n kò fún ẹnikẹ́ni ní irúgbìn. Nínú gbogbo Ìdí-Ahùn, ojú ilé yẹn nìkan ni tẹ̀tẹ̀ náà wà.

Ká sòótọ́, ọgbà ìyá kò ṣeé wò. Efinrin wà láàárín tẹ̀tẹ̀, àlùbọ́sà ń bá ata du àyè. Ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan ń gbé abẹ́ ìkòkò fífọ́, aláǹgbá ń sáré kiri lára ògiri, aláǹtakùn ń ta okùn rẹ̀ síbi tó wù ú. Láàárọ̀, ìyá á bẹ̀rẹ̀, á ṣa kòkòrò tó bá rí, á jù ú fún adìyẹ, á wọ́n eérú díẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́, ó parí. Ewé tí kòkòrò bá ti luhò, kì í tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá mi, ihò ti pọ̀ jù lára ẹ̀fọ́ yín," Ajíṣafẹ́ á ní.

"Àlàmú, bí mo bá sè é tán, wá fi ihò náà hàn mí nínú ọbẹ̀."

Oríkì rẹ̀ ni Àlàmú yẹn. Bí ìyá bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Nígbà tó yá, orúnkún ìyá kọṣẹ́. Kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó fún un ní àdó kékeré tí irúgbìn wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Gbin ìdajì, fi ìdajì pamọ́. Má sì lé ọ̀pọ̀lọ́ mi o. Ó níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀."

"Mo ti gbọ́, ìyá mi."

Ó gbọ́ àbí kò gbọ́? Ẹ máa bá mi bọ̀.

Àṣà kan wà ní Ìdí-Ahùn láyé ìgbà náà. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, Baálẹ̀ á jáde pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, wọ́n á máa wo ojú ilé kọ̀ọ̀kan. Ìwojúlé ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Ẹni tí ojú ilé rẹ̀ bá dára jù, Baálẹ̀ á fi fìlà àrán dé e lórí, ọwọ́ ọ̀tún Baálẹ̀ ni yóò sì máa jókòó sí títí ọdún á fi yípo. Ajíṣafẹ́ ti ń lá àlá fìlà yìí láti ìgbà tí orí rẹ̀ kò tíì tó o dé. Bó ṣe gba àdó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ báyìí, inú rẹ̀ sọ fún un pé ọdún tirẹ̀ dé.

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó hú efinrin, ó hú àlùbọ́sà, ó hú ata, ó ní wọ́n ń dí òun lójú. Ó fi ìgbálẹ̀ gbá gbogbo ilé aláǹtakùn. Ó sọ aláǹgbá lókò títí wọ́n fi kó lọ sílé ẹlòmíràn. Ó so adìyẹ mọ́lẹ̀. Ó gbé ọ̀pọ̀lọ́ sínú agbọ̀n, ó rù ú dé etí odò, ó ní kò bójú mu kí irú ojú bẹ́ẹ̀ máa wo Baálẹ̀. Ó wá da irúgbìn inú àdó sórí ebè, gbogbo rẹ̀ pátá, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ó kó ìgbẹ́ adìyẹ lé e lórí, ó ń bomi rin ín láàárọ̀, ó ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀fọ́ náà yọ. Kí n má purọ́ mọ́ òkú ọ̀run, ó dára. Ó nípọn, ó ń dán, ó tẹ́ rẹrẹ. Ará oko á sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó kọjá. Ìyẹn kò tó Ajíṣafẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á gbé fìtílà yí ebè ká kí àwọn tó ń ti oko bọ̀ lè rí i dáadáa. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tí iná fìtílà máa ń pè. Àfòpiná ìlú mẹ́ta gbọ́ ìpè, wọ́n dé, wọ́n wo ẹ̀fọ́ náà, wọ́n sì yé ẹyin wọn síbẹ̀.

Lákòókò yìí, ara ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ó pè é.

"Àlàmú, oúnjẹ ò gba ẹnu mi mọ́. Já ewé díẹ̀ fún mi nínú tẹ̀tẹ̀ yẹn, kí n fi jẹ ẹ̀kọ."

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Bí Baálẹ̀ bá ti wò ó tán, tiyín ni gbogbo rẹ̀."

"Ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo ní, n kò ní gbogbo rẹ̀."

"Ojú ibẹ̀ á hàn, ìyá mi."

Ó yáa lọ wá ilá wá fún un. Ìyá fi ilá jẹ ẹ̀kọ, ó ń wo ẹ̀fọ́ ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ibí yìí ló ti kọ́kọ́ ń dùn mí. Ìyá ò bú u, kò ṣépè. Ó kàn ń tọrọ lójoojúmọ́, ọmọ náà sì ń ní kó ṣe sùúrù. Nígbà tí ẹ̀fọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó tó fẹ́ so, Ajíṣafẹ́ mú ọ̀bẹ, ó gé gbogbo orí òdòdó náà dànù, ó ní wọ́n ń ba ẹwà ewé jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, ó rí ihò kan. Ẹyọ kan péré. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú! Ó fa ẹ̀fọ́ oníhò náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó jù ú sórí àkìtàn lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ kejì, ihò ti pọ̀ sí i. Ó tún tu, ó tún jù. Àwọn kòkòrò tó ti inú ẹyin àfòpiná jáde sábẹ́ ewé kò wo ibi tó wà. Ta ló máa dí wọn lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀lọ́ wà létí odò, aláǹgbá ti ṣí lọ, adìyẹ wà lórí ìso.

Ó lọ ata, ó pò ó mọ́ omi, ó ń fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn. Afẹ́fẹ́ gbé e padà bá a lójú. Ẹ rí baba ológe tó ń sáré yí ilé po, tó ń ké "Yéè! Ojú mi o!", tó wá ki orí bọ inú àmù omi mímu. Ewé tí ata náà bá jó, kòkòrò kò jẹ ìyẹn. Tútù ni wọ́n ń fẹ́.

Ó tún ní èéfín ni òun máa fi lé wọn. Ó kó ata gbígbẹ àti ewé tábà jọ, ó finá sí i níwájú ilé. Inú ilé ni èéfín wọ̀. Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ gbé ìyá jáde lẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, àwọn méjèèjì ń wúkọ́. Aáyán jáde, eku jáde, gbogbo ohun tó ń gbé inú àjà jáde. Kòkòrò orí ẹ̀fọ́ nìkan ni kò jáde.

Àṣàbí ní, "Baálé mi, ẹ tú adìyẹ sílẹ̀ ná."

"Kí wọ́n wá yàgbẹ́ síbi tí Baálẹ̀ máa dúró sí?"

Pẹ́pẹ́yẹ ló lọ yá, ó ní ìyẹn mọ́ ju adìyẹ lọ. Pẹ́pẹ́yẹ dé, wọn kò ya kòkòrò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀fọ́. Wọ́n ń jẹ eléyìí, wọ́n ń jẹ tọ̀hún, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Kó tó lé wọn tán, ebè ti di ibi ìjàkadì.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ìwojúlé mọ́. Baálẹ̀ dé iwájú ilé Ajíṣafẹ́, kò rí ewé kan. Igi tẹ̀tẹ̀ ló dúró gbagidi bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ sókè. Ajíṣafẹ́ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wú, ó mú kòkòrò kan dání, ó so òwú mọ́ ọn nídìí.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa! Mo mú ọ̀daràn wá. Mo pè é lẹ́jọ́."

Baálẹ̀ wo kòkòrò, ó wo Ajíṣafẹ́. "Kí ló ṣe?"

"Ó jẹ mí lẹ́fọ̀ọ́!"

"Kí lo fẹ́ kó jẹ? Iyán?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ kì í fi ẹjọ́ ṣeré. Ó jókòó. Ó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá àgbà òṣìkà ni, ó sì bèèrè ẹni tó máa bá kòkòrò sọ̀rọ̀, níwọ̀n ìgbà tí kòkòrò kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ohùn kan dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni."

Ìyá ló ń bọ̀ yẹn, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, Àṣàbí dì í mú.

"Baálẹ̀, ọmọ mi ni Àlàmú, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Mo ní kó má lé ọ̀pọ̀lọ́, ó lé e. Ó lé aláǹgbá, ó gbá ilé aláǹtakùn, ó so adìyẹ mọ́lẹ̀. Ó se àsè, ó tan fìtílà sí i, ó lé gbogbo ọlọ́dẹ lọ, ó wá ń pariwo olè. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n dúró. Mo dúró. Kòkòrò kò dúró ní tirẹ̀. Ká ní orúnkún mi gbà fún mi ni, Baálẹ̀, èmi náà ì bá ti bá a jókòó síbẹ̀, a ì bá jọ máa jẹ ẹ́."

Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ajíṣafẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ti gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ.

Baálẹ̀ dájọ́. "Kòkòrò jàre ẹ̀fọ́. Ẹ tú òwú ìdí rẹ̀. Ajíṣafẹ́, ìwọ lo jẹ̀bi. Ìwọ̀n lewéko ń dára mọ." Wọ́n tú kòkòrò sílẹ̀, àwọn èèyàn ń kí i kú oríire. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí wọ́n fi fìlà àrán dé e, ni Baálẹ̀ bá ní yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí èrò tú ká, ìyá bi í léèrè. "Àlàmú, irúgbìn dà?"

Ajíṣafẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ebè tó ti fi gbogbo ọdún rẹ̀ tọ́jú, ó ń sunkún. Kò sí nínú àdó. Kò sí lórí igi, òun ló ti fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀.

Àṣàbí ló lọ da eérú sí àkìtàn, tó sì pariwo. Wọ́n sáré lọ. Àwọn ẹ̀fọ́ oníhò tí ọkọ rẹ̀ ń fà tu tó ń jù sẹ́yìn ilé, díẹ̀ nínú wọn ti tún fìdí múlẹ̀ láàárín pàǹtí. Wọ́n wọ́, ewé wọn luhò bí ajọ̀, èpò yí wọn ká. Ẹ tún wá gbọ́ ẹni tó lúgọ sábẹ́ wọn: ọ̀pọ̀lọ́ ìyá ni, ó ti tọ ọ̀nà odò padà wálé. Orí wọn sì ti tún ń yọ òdòdó.

Ajíṣafẹ́ na ọwọ́ kó já a. "Ìyá mi, mo máa sè é fún yín lónìí yìí. Lónìí yìí!"

Ìyá gbá a lọ́wọ́ mú. "Mélòó ni? Bí a bá sè é, ọbẹ̀ ọjọ́ kan ni. Jẹ́ kó so."

"Ìyá mi, ẹnu yín ńkọ́?"

"Ẹnu mi ti mọ bí a ṣe ń dúró. Jẹ́ kó so, Àlàmú."

Ẹ̀fọ́ náà so. Ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ irúgbìn náà sínú àdó. Kò rí òjò tó tẹ̀ lé e. Ibi tó ń dùn mí jù lọ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Nígbà tí òjò rọ̀, Ajíṣafẹ́ gbin ìdajì, ó fi ìdajì pamọ́. Ó gbin efinrin sáàárín rẹ̀. Ó tú adìyẹ sílẹ̀, ó ra ìkòkò tuntun, ó fọ́ ọ, ó dà á dé ọ̀pọ̀lọ́ lórí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ já a sè, ó bu ti ìyá rẹ̀ sínú àwo rẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé tí ìyá máa ń jókòó sí. Ó tutù síbẹ̀. Títí ó fi darúgbó, kò tún wọ ìdíje Ìwojúlé mọ́. Bí ẹni tó ń kọjá bá sì kígbe pé, "Baba, kòkòrò ti ń jẹ ẹ̀fọ́ yín o!", kì í dìde.

Á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ kó jẹ tirẹ̀. Èmi ni mo pè é lẹ́jọ́, ìyá mi ló bá a rò ó, ó sì borí mi níwájú gbogbo ìlú. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ ló jàre ẹ̀fọ́. Ìwọ̀n lewéko ń dára mọ."